Bí Màmá Dùùrù Ṣe Ba Orin Ọkọ Ọmọ Rẹ̀ Jẹ́

Kọ́ọ̀dù mẹ́rin péré ni ọkọ ọmọ Màmá Dùùrù mọ̀ láyé. Dò, Sọ, Là, Fà. Bó bá tẹ ti àkọ́kọ́, ẹ ti mọ ìkejì. Bó bá dé orí ìkẹta, ẹ̀yin fúnra yín lè bá a fi ẹnu parí ìkẹrin, kẹ́ ẹ sì máa bá oúnjẹ yín lọ. Ó lè fi ìlù tó ń dún bí ẹni ń gbọn ẹní sí i lónìí, kó fi ohùn kan tó ń hó bí ìkòkò sí i lọ́la, abẹ́ gbogbo rẹ̀, àwọn mẹ́rin náà ló ń yí po. Ohùn mẹ́ta tí wọ́n bá tẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ló ń jẹ́ kọ́ọ̀dù, ayé sì kún fún ohùn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí ti fẹ́ mẹ́rin sílé, kò sì ní in lọ́kàn láti fẹ́ ìkarùn-ún.

Ì bá má kan Màmá Dùùrù rárá, bí kì í bá ṣe ti ògiri. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín yàrá tí ọkùnrin náà ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe orin àti àga gígùn tí ìyá ìyàwó rẹ̀ ń sùn sí. Yàrá méjì àti pálọ̀ ni ilé náà. Tọkọtaya ń sùn sí ọ̀kan, orin ń sùn sí èkejì, ìyá ń sùn sí pálọ̀. Kọ́tìnì búlúù kan ló fi ń bo ara rẹ̀ bó bá fẹ́ wọṣọ, kọ́tìnì yẹn sì níwà. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ṣí fèrèsé, á gbéra sókè, á sì fi Màmá han ẹni tó bá ń gun àtẹ̀gùn lọ. Ó ti di ọdún kan ààbọ̀ tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ sí orúnkún rẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ obìnrin sì ní kó wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn. Láti ọjọ́ náà, ohun kan ni Màmá ń tọrọ lọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá rẹ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀mí gígùn. Ilẹ̀kùn ló ń tọrọ. Ilẹ̀kùn tó ṣeé tì, kí èèyàn wà lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn ọmọ tó kọ́ ní dùùrù ló sọ ọ́ ní Màmá Dùùrù. Ogójì ọdún ló fi jókòó ti àwọn ọmọ ọlọ́mọ pẹ̀lú rúlà lọ́wọ́ kan, yíǹkì pupa lọ́wọ́ kejì. Ó ní òfin, òfin rẹ̀ kò sì mọ ojú ẹnikẹ́ni. Tì, ohùn tó kángun sí Dò, kò gbọdọ̀ dá dúró sí gbangba, àfi kó tètè padà sílé sọ́dọ̀ Dò. Béèsì, ohùn ìsàlẹ̀ tó gbé kọ́ọ̀dù ró, kò gbọdọ̀ kúrò nílé tirẹ̀ lọ dúró sábẹ́ ilé onílé. Kọ́ọ̀dù kò gbọdọ̀ dé ṣáájú ìlù, àlejò kì í jókòó kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún un. Ẹni tó bá rú ọ̀kan nínú wọn, pupa. Ẹni tó bá rú méjì, kó lọ pe ìyá rẹ̀ wá.

Pẹ̀lú gbogbo líle rẹ̀ yìí, kò lè la ẹnu sọ fún ọkọ ọmọ rẹ̀ pé orin rẹ̀ ń sú òun. Àna ni. Ọkùnrin náà sì ní ìwà débi pé ó ń dunni. Mítà omi ló ń kà láti ilé dé ilé, bó bá sì dé nírọ̀lẹ́, kó tó bọ́ bàtà, “Ẹ kú ilé, mà. Ṣé ara le? Ṣé ẹ sùn dáadáa?” Màmá á ní, “Mo sùn bí ọmọ ọwọ́, ọkọ wa.” Àga ti ń ṣá a níhà láti aago mẹ́rin ìdájí. Nígbà tó bá ṣe orin tuntun, á yọjú: “Báwo lẹ ṣe gbọ́ ọ, mà?” “Ó dùn, ọkọ wa.” Nínú ọkàn rẹ̀, orúkọ tó ń pè é ni Ọ̀gbẹ́ni Mẹ́rin. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Bí wọ́n ṣe ń bá a bọ̀ nìyẹn, wọ́n ń fẹ̀jẹ̀ sínú, wọ́n ń tutọ́ funfun jáde.

Nígbà tó yá, obìnrin kan tó ń ṣe fíìmù bọ́ sínú ọ̀rọ̀ náà. Fíìmù rẹ̀ dá lórí ìyàwó ilé kan tó ń wa ọkọ̀ ojú irin, tí kò mọ̀ bóyá kóun padà sílé ọkọ tàbí kóun máa wà á lọ. Ó ń wá ẹni tó máa ṣe orin sí i. Ọ̀gbẹ́ni Mẹ́rin fi ọ̀kan ránṣẹ́, obìnrin náà dá a padà. Ó fi ìkejì ránṣẹ́, ó tún dá a padà, ó sì kọ ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé e: “Ó dùn, ṣùgbọ́n mo ti débẹ̀ kó tó dé.”

Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, tí kì í sì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀, gbé ìdájọ́ kalẹ̀ nídìí tábìlì oúnjẹ. “Ẹ̀ẹ̀kan ló kù. Bí obìnrin yìí bá tún dá ìkẹta padà, ẹ ó di ẹ̀rọ yín sínú páálí, a ó sì gbé bẹ́ẹ̀dì sí yàrá yẹn fún Màmá. Mi ò lè máa wo ìyá mi kó máa fi kọ́tìnì jà.”

Ọkọ rẹ̀ ti àwo rẹ̀ síwájú. “Ó dára,” ló wí. Gbogbo ayé rẹ̀ ló wà nínú yàrá yẹn, kò sì jiyàn.

“Ọlọ́run á ṣe é ní rere o, ọkọ wa,” ni Màmá fi ẹnu wí. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tí gbogbo wọn jáde, ó ti fi okùn wọn fèrèsé yàrá náà.

Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pátá títí di ọjọ́ Àìkú. Ṣé ẹni tó mọ kọ́ọ̀dù mẹ́rin lè ṣe orin tí kì í ṣe ti kọ́ọ̀dù mẹ́rin? Àmọ́ lọ́jọ́ Àìkú náà, ọmọ rẹ̀ gbé ìròyìn wọlé. Obìnrin onífíìmù ti pè, ó ní ọjọ́ ti ń lọ, kò sí ẹlòmíì lọ́wọ́ òun, bí ìkẹta bá lè dára díẹ̀ ju ìkejì lọ, òun á rọ́jú gbà á. Òun á wá gbọ́ ọ nínú ilé lọ́jọ́ Ẹtì, aago mẹ́rin.

Òun á rọ́jú gbà á! Màmá fi ìṣẹ́jú mélòó kan wo kọ́tìnì búlúù. Ó rí ara rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá sí i, tí ó ń fi ẹ̀yìn ti fèrèsé wọ ẹ̀wù. Ibẹ̀ ni ìkà ti wọ inú àgbàlagbà lọ.

Lọ́jọ́ Ajé, nígbà tí ilé dá wáí, ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá orin, ó wọlé. Kò ní láti fọ́ àgádágodo kankan. Ọkọ ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ti fi bí wọ́n ṣe ń tan kọ̀ǹpútà náà hàn án, kó lè máa gbọ́ nǹkan bí ilé bá sú u. Ẹ ò rí i pé ìwà rere náà ní ewu tirẹ̀. Orin ìkẹta wà lójú kọ̀ǹpútà, àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ ewé lórí ìlà. Màmá sún ìgò ojú rẹ̀ sókè. Kò pẹ́ tó fi rí ìdí rẹ̀: ọ̀pá tó wà lókè, ohùn òkè ni, èyí tó gùn, ó ń pẹ́, èyí tó wà lápá òsì, òun ló ń kọ́kọ́ dún. Ìwé orin ni, wọ́n kàn yọ ẹwà kúrò lára rẹ̀ ni. Ó ka ọ̀pá náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Dò, Sọ, Là, Fà. Ó tutọ́ sínú.

Àgbà kì í ṣe ìkà bí ọmọdé. Bó bá pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, wọn á mọ̀. Ohun tó fẹ́ ni kí orin náà ní àrùn tí ẹni tó ni ín kò ní mọ orúkọ rẹ̀, kí obìnrin onífíìmù kàn fún ojú pọ̀ kó sì gbé báàgì rẹ̀. Ta ló sì mọ àrùn orin tó ẹni tó ti fi ogójì ọdún wò ó sàn? Gbogbo òfin tó fi ń na ọmọ ọlọ́mọ, òun gan-an ló máa rú wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́.

Ti ọjọ́ Ajé, Tì ló mú. Nínú kọ́ọ̀dù Sọ ni Tì wà, ibẹ̀ ló sì yẹ kó ti máa lọ sílé. Màmá di ìdí ọ̀pá rẹ̀ mú pẹ̀lú máòsì, ó nà án, ó nà án, títí ó fi gùn wọ inú kọ́ọ̀dù Là, níbi tí kò ti ní ìyá, tí kò ti ní bàbá. Kò tiẹ̀ gbọ́ bó ṣe dún. Ó mọ̀ ọ́n lórí. Ó fi iṣẹ́ náà pamọ́, ó pa ojú kọ̀ǹpútà dé, ó lọ se tíì.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó jókòó pẹ̀lú ìwé ìròyìn lọ́wọ́, ó ń retí igbe. Orin bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ògiri, ó dákẹ́ gbì. Màmá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó tún dákẹ́. Ìgbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹfà, ọkùnrin náà pe ìyàwó rẹ̀: “Wá gbọ́ nǹkan.”

Nọ́ọ̀sì wọlé pẹ̀lú bàtà kan lẹ́sẹ̀. “Kí lẹ ṣe sí i?” ni ohùn rẹ̀ ń wí. “Ó dà bíi pé èèyàn fẹ́ sọ̀rọ̀, kò wá sọ ọ́ mọ́.”

“Ó dáa àbí kò dáa?”

“Ó dáa. Ẹ tún un lù.”

Màmá ṣí ojú ewé tó tẹ̀ lé e. Ó ní àwọn méjèèjì ló dití, Ọlọ́run ló so wọ́n pọ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kò ṣe é ní kékeré mọ́. Ó gbé béèsì Sọ, ó tì í sábẹ́ kọ́ọ̀dù Fà. Ilé onílé! Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá dán irú ẹ̀ wò nígbà ayé rẹ̀, yíǹkì á tán nínú ìgò. Ní ìrọ̀lẹ́, ó tún gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ lẹ́yìn ògiri, ó sì tún gbọ́ tí ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín lóun nìkan, ẹ̀rín kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bíi ti ẹni tí wọ́n ń rin lẹ́sẹ̀.

Lọ́jọ́rú, ó mú kọ́ọ̀dù Là, ó fà á sápá òsì, kó lè dé kí ìlù tó dé, kó wọlé láìkànkùn. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ rẹ̀ ń fi ìdí jó lọ sí ilé ìdáná, ó ń jó bọ̀. “Màmá, ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń tì mí lẹ́yìn ni?” Màmá ní òun gbọ́. Ó ní ó dùn. Orúnkún ń ro ó, inú sì ń bí i. Irú àwọn èèyàn wo nìyí, tí wọ́n bá da májèlé sí wọn lóúnjẹ tí wọn á ní kí wọ́n bu iyọ̀ díẹ̀ sí i?

Lọ́jọ́bọ̀, ó bọ́ ìtìjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó wọlé, kò jókòó, ó mú kọ́ọ̀dù ìkẹrin tòun ti béèsì tó gbé sábẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà kẹrin tí àwọn mẹ́rin náà bá yí po, ó pa á rẹ́ pátápátá. Ihò ló fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá ń gbọ́ orin náà á gbé ẹsẹ̀ sókè, kò ní rí ilẹ̀ tó máa gbé e lé. Ó wo ihò náà lójú kọ̀ǹpútà. “Ó parí,” ló wí, ó sì jáde lọ fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì kan tó ti wà nínú àpótí láti ọdún kan ààbọ̀.

Obìnrin onífíìmù dé ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́jọ́ Ẹtì. Obìnrin kúkúrú ni, bírò méjì wà nínú irun rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ti rẹ̀ ẹ́. Orí àga gígùn ló kọ́kọ́ jókòó sí, lórí ìrọ̀rí Màmá gan-an. Lẹ́yìn náà, gbogbo wọn há ara wọn sínú yàrá orin, Màmá sì dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwo tí ife omi tútù wà lórí rẹ̀, torí ó yẹ kí ẹni tó gbẹ́ kòtò wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń jìn sí i.

Ọkọ ọmọ rẹ̀ tẹ ẹ̀rọ.

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí Màmá máa gbọ́ ọ láìsí ògiri láàárín. Dò wọlé bó ṣe máa ń wọlé. Sọ tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, kí ìlù tó bọ́, Là ti dé, Tì sì ń bá a rìn, ó ń wo ẹ̀yìn, kò lọ sílé, kò sì dúró. Fà wá dé, béèsì àjèjì sì gbé e lọ́wọ́ sókè, kò jẹ́ kó fẹsẹ̀ kanlẹ̀. Orin náà ń lọ, ó ń fẹ́ sọ nǹkan, ó ń gbé e mì. Nígbà tó dé ibi ihò, gbogbo rẹ̀ ṣí sílẹ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ àfi ìlù, obìnrin onífíìmù sì tẹ̀ síwájú lórí ìjókòó bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pè lórúkọ.

Ara Màmá bù máṣọ. Ó dùn. Kì í ṣe irú dùn tó ń sọ fún àna o. Ó wá rántí ọmọbìnrin kan, ọmọ tó fẹ́ràn láti máa na Tì kọjá ààlà, tí kò gbọ́, tí kò gbà, títí òun fi sọ fún ìyá rẹ̀ pé kó mú un lọ kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán. Ọmọ yẹn ti gbọ́ nǹkan. Etí ọmọ yẹn ti dé ibi tí rúlà òun kò dé. Ó dun Màmá wọ egungun.

Orin parí. Obìnrin onífíìmù yọ bírò kan kúrò nínú irun rẹ̀, ó tún fi í síbẹ̀. “Ìyàwó tó wà nínú ọkọ̀ ojú irin nìyẹn,” ló wí níkẹyìn. “Ó fẹ́ padà sílé, kò padà. Mo gbà á. Mẹ́sàn-án sí i ni mo fẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ronú kan ihò yẹn?”

“Èmi kọ́,” ni ọkọ ọmọ wí. Ó dìde, ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà, ó sì tẹrí ba. “Màmá mi tó dúró yìí ni.”

Ife kan ṣubú. A dúpẹ́, ike ni.

“Ẹ̀rọ yìí máa ń kọ aago tí wọ́n bá fi iṣẹ́ pamọ́,” ni ọkùnrin náà ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. “Aago mẹ́wàá àárọ̀ lójoojúmọ́, nígbà tí mo wà lẹ́nu mítà. Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ Ajé, mà. Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ tẹ́ mi ni ẹ ò ṣe sọ̀rọ̀, ẹ kàn ń ràn mí lọ́wọ́ níkọ̀kọ̀. Ti àná dẹ́rù bà mí, mo fẹ́ dá a padà, ni mo ní rárá, ẹni tó ti kọ́ni fún ogójì ọdún mọ ohun tó ń ṣe.” Ojú rẹ̀ ti ń pọ́n. “Mo ti ro ó tán. Yàrá yìí, ẹ̀yin lẹ ni ín. Màá kó ẹ̀rọ mi lọ sí kọ̀rọ̀ pálọ̀.”

Obìnrin onífíìmù dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba ọwọ́ Màmá, ó ní ọpọlọ yín ò ní bàjẹ́. Màmá ní àmín. Kí ló tún máa ní? Ó gba ọpẹ́ náà bí ẹni wọ ẹ̀wù ẹlẹ́wù, ó ń fún un lábíyá, kò sì lè bọ́ ọ láàárín èèyàn.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò dúpẹ́. Ọmọ rẹ̀ tẹ̀ lé e wọ ilé ìdáná, ó sì fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. “Màmá. Ẹ̀yin lẹ bí mi, mo mọ̀ yín. Ìrànlọ́wọ́ wo?”

Màmá ṣí omi ẹ̀rọ, kí wọ́n má bàa gbọ́ wọn. “Mo fẹ́ bà á jẹ́ ni.”

“Mo mọ̀!” Nọ́ọ̀sì fi ìnuwọ́ bo ẹnu rẹ̀, èjìká rẹ̀ ń mì. “Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i! Ẹ máa sọ fún un àbí ẹ ò ní sọ fún un?”

“Bí mo bá sọ fún un, ó lè gba yàrá rẹ̀ padà.”

“Ó lè gbà á padà,” lọmọ rẹ̀ wí. Kò fi kún un, kò yọ kúrò níbẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì máa ń ṣe báyẹn bí wọ́n bá fẹ́ kí o fúnra rẹ gbé oògùn náà mì.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, kò tíì sí páálí kankan nílẹ̀. Ọkọ ọmọ ní kí àwọn jọ bẹ̀rẹ̀ orin kejì nínú mẹ́wàá ti fíìmù náà kóun tó kó ẹ̀rọ jáde. Ó gbé àga alápá fún Màmá, ó fi ìrọ̀rí sí i lẹ́yìn, ó sì sún dùùrù kékeré tí wọ́n so mọ́ kọ̀ǹpútà síwájú rẹ̀. Màmá pinnu pé lónìí, òun á ràn án lọ́wọ́ lóòótọ́, kóun fi rere san ibi tí òun fúnra òun ṣe. Ó fi gbogbo ìfẹ́ inú rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Tì ń lọ sílé sọ́dọ̀ Dò. Béèsì ń jókòó sí ilé tirẹ̀. Kọ́ọ̀dù ń bá ìlù rìn. Kò sí àléébù kan lára rẹ̀.

“Báwo lẹ ṣe gbọ́ ọ, ọkọ wa?”

“Ó dùn, mà.”

Màmá mọ ohùn yẹn. Ọdún kan ààbọ̀ lòun náà ti ń lò ó. Ó tún tẹ òmíràn, ó tún bi í, ọkùnrin náà tún ní ó dùn, ojú rẹ̀ sì wà lára ògiri. Màmá wo bẹ́ẹ̀dì tí kò tíì sí níbẹ̀, ó wo fèrèsé tó ti wọ̀n, ó sì wo ilẹ̀kùn náà, ilẹ̀kùn pákó gidi tó ní kọ́kọ́rọ́. Ó kó ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí dùùrù.

“Ọkọ wa, mi ò ràn yín lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo fẹ́ ba orin yín jẹ́ ni.”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Nígbà tó rí ojú rẹ̀, ẹ̀rín náà kúrò. “Nítorí kí ni, mà?”

“Nítorí yàrá yìí. Mo fẹ́ kí obìnrin yẹn kọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ lè kó jáde. Gbogbo ohun tí mo fi máa ń na ọmọdé, òun ni mo ṣe sí i. Etí mi ló tàn mí jẹ.”

Ó dùn ún. Ó hàn gbangba pé ó dùn ún, ìtìjú sì bo Màmá débi pé kò mọ ibi tó máa fi ọwọ́ rẹ̀ sí.

“Ọdún kan ààbọ̀, mà,” lọkùnrin náà wí. “Lójoojúmọ́ ni mò ń bi yín pé ṣé ẹ sùn dáadáa. Ẹ̀ẹ̀kan péré kẹ́ ẹ ní rárá, ǹ bá ti gbé ẹ̀rọ náà jù síta.”

“Kí n wá sọ fún àna mi pé àga rẹ̀ ń ṣá mi níhà?”

“Ẹ̀ bá ti sọ ọ́!”

“Ẹ̀yin ńkọ́?” Ọ̀rọ̀ náà jáde kó tó dá a dúró. “Èyí tí mo tẹ̀ láàárọ̀ yìí, ó dára àbí kò dára?”

“Ó dá...”

“Ọkọ wa.”

Ọkùnrin náà wo àjà, ó wo ilẹ̀, ó nu òógùn iwájú orí rẹ̀. “Kò dára, mà. Ó dà bí orin tí wọ́n máa ń lù fún ẹni tí wọ́n ní kó dúró de dókítà.”

Àrífín àkọ́kọ́ tó máa ti ẹnu rẹ̀ jáde nìyẹn láti ìgbà tó ti gbé ọmọ Màmá níyàwó. Ni Màmá Dùùrù bá bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí orúnkún fi ń dùn ún. “Tiyín náà ńkọ́? Ẹ mọ orúkọ tí mo ń pè yín nínú ọkàn mi? Ọ̀gbẹ́ni Mẹ́rin!” Ọkùnrin náà gbìyànjú láti bínú, kò rí i ṣe, ó yọ̀ kúrò lórí àga, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ lu orí ara rẹ̀. Nọ́ọ̀sì sáré wọlé, ó rò pé ẹnì kan ti dákú.

Nígbà tí wọ́n nu ojú wọn tán, Màmá bi í ní jẹ́jẹ́: “Yàrá náà wá ńkọ́?”

Ó ronú sí i. Kò fi ìwà rere dáhùn lọ́tẹ̀ yìí, ó fi òótọ́ dáhùn. “Mi ò lè ṣe orin ní pálọ̀, mà. Ariwo ìgboro á wọ inú rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ̀rọ mi wà níbí.”

“Èmi náà sì fẹ́ ilẹ̀kùn,” ni Màmá wí. “Mi ò lè máa wọṣọ lẹ́yìn kọ́tìnì mọ́.”

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rọrùn tó nígbà tí wọ́n sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀dì á wọlé lọ́jọ́ Ajé, ẹ̀rọ á wà lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Yàrá di ti Màmá, kọ́kọ́rọ́ di ti Màmá. Láti aago márùn-ún ààbọ̀ sí mẹ́jọ, ọkọ ọmọ á wá ṣe iṣẹ́ rẹ̀, bí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn fún un. Lẹ́yìn náà, Màmá fa dùùrù kékeré mọ́ra. Ó ronú kan gbogbo yíǹkì pupa tó ti tán lọ́wọ́ rẹ̀ láyé, inú sì bí i sí ara rẹ̀ dáadáa. Ó yọ Dò kúrò nínú orin náà látòkè délẹ̀, kó má sí ilé kankan tí wọ́n máa padà sí. Ọkọ ọmọ rẹ̀ gbọ́ ọ, ó sì pariwo.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ní aago márùn-ún ààbọ̀ géérégé, wọ́n kan ilẹ̀kùn.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, orin kẹta fíìmù náà ti ń ṣe bí ọmọlúwàbí jù. Ẹ wá bá mi bà á jẹ́.”

“Ẹ dúró ná, ọkọ wa. Mò ń wọṣọ.”

Láti àárọ̀ ló ti wọṣọ tán, tòun ti bàtà. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ní àtẹ́lẹwọ́, ó ń wo ilẹ̀kùn tí wọ́n tì, ó sì ń gbọ́ bí ọkọ ọmọ rẹ̀ ṣe ń fi sùúrù yí ẹsẹ̀ padà níta.

“Ṣé kí n padà wá, mà?”

“Ẹ ṣáà dúró,” ló wí, ó sì na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sórí bẹ́ẹ̀dì.